Alásùúrù Ní Í Fún Wàrà Kìnnìún: Ẹ̀kọ́ Lára Àwọn Tí Ń Ya Àwòrán Ẹranko Inú Igbó

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ẹni tí ó dá ènìyàn, tí ó dá ẹranko, tí ó dá ẹyẹ ojú ọ̀run àti ẹja inú ibú, tí kò sì gbàgbé ìkankan nínú wọn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad (S.A.W.), àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ẹ̀san.



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lóṣù yìí dá lórí sùúrù. Mo mọ̀ pé bí àwọn kan bá ti rí "sùúrù" báyìí, wọn yóò ní, "Wọ́n tún ti dé!" N kò bá wọn wí. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ ọ́ sí wa létí. Ẹni tó wáṣẹ́ tí kò rí, wọ́n ní kó ní sùúrù. Ẹni tó ṣe JAMB lẹ́ẹ̀mẹta tí kò wọlé, wọ́n ní kó ní sùúrù. Arábìnrin tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wọlé ọkọ tán, sùúrù náà ni wọ́n ń fún un. Ọ̀rọ̀ náà wá dà bí ohun tí àwọn àgbà fi ń pa ọmọdé lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ a mọ ohun tí sùúrù jẹ́ gan-an? Ǹjẹ́ a mọ ohun tí ó yẹ kí alásùúrù máa fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe nígbà tí ó ń dúró?

Yorùbá ní alásùúrù ní í fún wàrà kìnnìún. Ẹ ro òwe yìí wò dáadáa. Kìnnìún kì í ṣe ewúrẹ́ ilé tí a ń so mọ́ èèkàn. Ẹni tí yóò fún wàrà rẹ̀ kò lè fi agbára mú un, kò sì lè kán an lójú. Ohun tó kù fún un ni kó kọ́ ìwà kìnnìún, kó máa sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, kó sì dúró de ọjọ́ tí ọ̀nà yóò là. Àwọn kan wà láyé òde òní tí iṣẹ́ wọn rí bí òwe yìí gẹ́lẹ́. Àwọn ni àwọn tí ń gbé kámẹ́rà wọ inú igbó, aṣálẹ̀ àti orí òkè láti ya àwòrán àwọn ẹranko tí kì í fẹ́ rí ènìyàn sójú. Lára wọn ni mo fẹ́ kí á ti kọ́gbọ́n lónìí.

Ẹnìkan lè bi mí pé, "Ṣé Mùsùlùmí ni wọ́n ni?" N kò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú Súratul-Mā'idah, a kà pé ẹyẹ ni Ọlọ́hun rán láti fi han ọmọ Ànábì Ādam bí a ti ń bo òkú mọ́lẹ̀. Bí ẹyẹ bá lè kọ́ ọmọ ènìyàn lẹ́kọ̀ọ́, kí ló dé tí ènìyàn ẹgbẹ́ wa kò ní lè kọ́ wa? Ẹlòmíràn lè béèrè bóyá yíya fọ́tò tilẹ̀ dára nínú ẹ̀sìn. Àwọn onímímọ̀ wa yapa ẹnu lórí rẹ̀. Àwọn kan ní ó wà lára àwòrán tí hádíísì kọ̀, àyàfi tí bùkátà bá mú un wá. Àwọn mìíràn ní ohun tí kámẹ́rà ń mú kò yàtọ̀ sí òjìji tí ènìyàn ń rí nínú dígí. Kí olúkúlùkù béèrè lọ́wọ́ ààfáà tó gbẹ́kẹ̀ lé. Ìwà àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà ni ọ̀rọ̀ tiwa dá lé lónìí.

Iṣẹ́ wọn kò dà bí ti onífọ́tò ìgboro. Onífọ́tò ìgboro lè sọ fún ọkọ ìyàwó pé kó gbé orí sókè díẹ̀, kó rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹkùn? Ẹranko kì í bá ènìyàn dá àdéhùn. Etí rẹ̀ mú ju tiwa lọ, imú rẹ̀ sì ti ń gbóòórùn wa kí ojú wa tó tó o. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ yà á yóò kọ́kọ́ mọ ibi tí ó ti ń mumi, ọ̀nà tí ó ń gbà, àkókò tí ó ń jẹun, àti apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Lẹ́yìn náà ni yóò wá ibùba, tí yóò ba síbẹ̀, tí yóò pa ẹnu mọ́, tí kò ní yí ara padà. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ṣọdẹ yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹran tí ọdẹ ń dúró dè yóò kú, ṣùgbọ́n èyí tí ayàwòrán ń dúró dè yóò bá tirẹ̀ lọ ní àlàáfíà.

Àwọn onímímọ̀ ẹ̀sìn pín sùúrù sí ọ̀nà mẹ́ta. Ibn al-Qayyim, ẹni tí ó kú ní ọdún 1350, kọ odindi ìwé lórí sùúrù, ó sì ṣe àlàyé ìpín yìí níbẹ̀. Èkíní ni sùúrù láti máa tẹ̀lé àṣẹ Ọlọ́hun. Èkejì ni sùúrù láti jìnnà sí ohun tí Ọlọ́hun kọ̀. Ẹ̀kẹta ni sùúrù lórí ohun tí Ọlọ́hun bá kádàrá. Ẹ jẹ́ kí á mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí á sì wò wọ́n nínú igbó.

SÙÚRÙ KÌÍNÍ: KÍ Á DÚRÓ TI IṢẸ́

Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Scotland, Alan McFadyen ni orúkọ rẹ̀. Ohun tí ó ń wá kò ju ẹyọ àwòrán kan lọ. Ẹyẹ kékeré kan wà tí ń pẹja jẹ létí omi, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní kingfisher. Ó fẹ́ ya ẹyẹ yìí nígbà tí ó bá fi orí já wálẹ̀, tí ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kan omi, kí omi tó ta, tí òjìji rẹ̀ sì hàn nísàlẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn wo dígí. Kí a tó ṣẹ́jú, ohun tí à ń sọ yìí ti parí.

Ọdún mẹ́fà ni ó fi wá àwòrán náà. Wákàtí tí ó lò níbẹ̀ tó 4,200. Àwòrán tí ó yà tó 720,000. Ní ọdún 2015 ni ayé gbọ́ pé ó ti rí ẹyọ kan tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Bí a bá pín wákàtí 4,200 sí ọdún mẹ́fà, 700 ni yóò bọ́ sí ọdún kan. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì lójúmọ́, láìyọ ọjọ́ kan sílẹ̀. Nítorí ẹyẹ tí kò tó ìkúùkù ọwọ́!

Ọmọ ìyá mi, kí ni èyí kọ́ wa? Ó kọ́ wa pé sùúrù kì í ṣe kí á káwọ́ gbera. Ọkùnrin yìí kò dùbúlẹ̀ sílé kó ní bí ẹyẹ bá fẹ́ kó wá. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ó ń yà á, ó ń bàjẹ́, ó ń tún un yà. Gbogbo ọjọ́ tí kò rí i mú, ó ń kọ́ nǹkan kan sí i nípa ẹyẹ náà. Sùúrù rẹ̀ ní ẹsẹ̀, ó sì ní ọwọ́.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Ànábì wa (S.A.W.) ṣe kọ́ wa. Nínú hádíísì tí Umar ọmọ Khattab (R.A.) gbà wá, tí ó wà nínú ìwé Tirmidhi, ẹyẹ ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ ẹni tó gbára lé Ọlọ́hun ní òdodo: ebi ni ẹyẹ fi ń jáde láàárọ̀, yíyó ni ó fi ń wọlé nírọ̀lẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan níbẹ̀. Ẹyẹ náà jáde! Kò jókòó sínú ìtẹ́ kó máa la ẹnu sílẹ̀. Ẹni tó sì bi Ànábì bóyá kí òun tú ràkúnmí òun sílẹ̀ kí òun gbára lé Ọlọ́hun, èsì tí ó gbà ni pé kó kọ́kọ́ so ràkúnmí mọ́lẹ̀, kó wá gbára lé Ọlọ́hun lẹ́yìn náà.

Ẹ jẹ́ kí á wá gbé e sórí ara wa. Àlùkùránì tí wọ́n ń tẹ̀ ní Mẹ̀dínà ní ojú-ewé 604. Ẹni tí ó bá ń há ojú-ewé kan sórí ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, ọdún márùn-ún ni yóò fi há gbogbo rẹ̀. Kò tilẹ̀ tó ọdún mẹ́fà tí ẹnìkan fi wá àwòrán ẹyẹ. Mélòó nínú wa ló bẹ̀rẹ̀ tí ó dá a dúró ní Súratu Yāsīn? Mélòó ló ń jí kírun Àṣùbáà ní oṣù Ramadan, tí oorun sì gbé e lọ lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀? Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, tó ní ọdún mẹ́ta ti pọ̀ jù, ẹni tó ń kàwé, tó ń ka èyí tó wù ú nìkan, ǹjẹ́ ó ti jókòó sí ibùba tirẹ̀ tó? Iṣẹ́ rere tí a ń ṣe lemọ́lemọ́, bó tilẹ̀ kéré, òun ni Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun sọ pé Ọlọ́hun fẹ́ràn jù.

SÙÚRÙ KEJÌ: KÍ Á MÁ ṢE DÁ ỌGBỌ́N ÈRÚ

Láti ọdún 1965 ni ìdíje kan ti wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tí ń ya àwòrán ẹranko. Wildlife Photographer of the Year ni wọ́n ń pè é, Natural History Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ló sì ń darí rẹ̀ báyìí. Ní ọdún 2009, àwòrán ìkookò kan tó fò kọjá lórí ẹnu-ọ̀nà ọgbà lóru ni ó gba ipò kìíní. Ẹni tí kò bá yìn ín kò rí i ni. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní ọdún 2010, wọ́n gba ẹ̀bùn náà padà. Àwọn adájọ́ ìdíje sọ pé ó hàn sí àwọn pé ìkookò náà kì í ṣe ti inú igbó, pé èyí tí wọ́n ń sìn, tí wọ́n ti kọ́ ní eré ni. Ní ọdún 2018, wọ́n tún gba ẹ̀bùn mìíràn padà lórí ẹranko kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì ikán lóru. Wọ́n ní òkú ẹranko tí a ki nǹkan sí nínú ni. Àwọn ayàwòrán méjèèjì sọ pé àwọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọlọ́hun ló mọ ohun tó pamọ́. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ tí wọ́n dá ni mo sọ fún yín yẹn.

Kí ló lè mú ènìyàn ṣe irú nǹkan báyìí? Àìnísùúrù ni. Jíjókòó lóru nínú òtútù le. Kí á háyà ẹranko, tàbí kí á gbé òkú rẹ̀ kalẹ̀, ó rọrùn. Àwòrán náà yóò sì dára lójú. Ṣùgbọ́n irọ́ ni. Yorùbá sì ní bí irọ́ bá lọ ní ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ẹni tí ó ra ìbéèrè ìdánwò ní òru ọ̀la, kí ló ṣe? Ẹni tí ó san owó kí ẹlòmíràn wọlé ṣe ìdánwò fún un, kí ló gbà? Ìwé ẹ̀rí tí ó gbé kọ́ sára ògiri dára lójú, ṣùgbọ́n òkú ẹranko tí a ki nǹkan sí nínú ni. Ọmọkùnrin tó jókòó ti kọ̀ǹpútà lóru, tó ń fi orúkọ olórúkọ lu ènìyàn ní jìbìtì, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní ọ̀gá, tí ìyá rẹ̀ pàápàá sì ń ṣàdúà fún un nínú ọkọ̀ tí ó rà, àwòrán ọlà ni ó yà, kò rí ọlà. A sì mọ hádíísì tí Muslim gbà wá: Ànábì (S.A.W.) kọjá lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta oúnjẹ lọ́jà, ó ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ náà, ó sì bá ọ̀rinrin nísàlẹ̀. Òjò ló pa á, oníoúnjẹ wá fi èyí tó gbẹ bò ó lórí. Ànábì wa jẹ́ kó yé e pé kò yẹ kó fi í pamọ́ fún àwọn ènìyàn, ó sì ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń rẹ́ni jẹ. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ta ló fẹ́ kí Ànábì ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ òun lọ́jọ́ àlùkìyámọ̀?

Ọ̀nà èrú kan tún wà tí kì í ṣe irọ́, ìpalára ni. Àwọn ayàwòrán mìíràn a máa gé ewé àti ẹ̀ka tó bo ìtẹ́ ẹyẹ, kí ojú kámẹ́rà lè ríran. Nígbà tí wọ́n bá lọ tán, oòrùn á máa pa àwọn ọmọ ẹyẹ, àṣá á sì rí wọn gbé. Àwọn olóòótọ́ nínú wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní kàkà kí ẹyẹ ṣòfò ọmọ, kí àwòrán bọ́. Ẹ rántí hádíísì inú ìwé Abu Dawud: àwọn sàhábà wà lójú ìrìn-àjò, wọ́n kó ọmọ ẹyẹ méjì, ìyá wọn sì ń na ìyẹ́ kiri. Nígbà tí Ànábì rí i, ó béèrè ẹni tó kó ìyá yìí sínú ìbànújẹ́, ó sì ní kí wọ́n dá àwọn ọmọ rẹ̀ padà. Ẹni tí a rán ní ìkẹ́ sí gbogbo ayé ni. Nínú Súratul-An'ām, Ọlọ́hun jẹ́ kí ó yé wa pé ìjọ ni àwọn ẹranko àti ẹyẹ náà jẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti jẹ́ ìjọ. Nítorí náà, ohun tí a bá ń wá, bó ti wù kó dára tó, kò gbọdọ̀ di ẹkún sí ẹ̀dá mìíràn lọ́rùn.

SÙÚRÙ KẸTA: KÍ Á GBA ÌPÍN

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù. Ènìyàn lè ṣe gbogbo èyí tí a sọ, kó jókòó, kó má ṣe èrú, kó má sì rí nǹkan kan.

Sergey Gorshkov jẹ́ ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ó fẹ́ ya táígà, ẹranko ńlá abilà-lára tó dà bí ẹkùn, èyí tó kù díẹ̀ nínú igbó ìhà ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè wọn. Ó wá ipasẹ̀ rẹ̀ kiri, ó wo irun tó fi sára igi, ó wo ìgbẹ́ rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, ó dẹ kámẹ́rà sí iwájú igi ńlá kan tí ó rò pé táígà máa ń wá fi ara nù. Kámẹ́rà yìí kò nílò ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́. Nǹkan kan wà lára rẹ̀ tó ń mọ̀ bí ohun abẹ̀mí bá kọjá. Oṣù ń gorí oṣù. Ìgbà tó di oṣù kọkànlá ni ohun tí ó ń wá wọlé: abo táígà fi apá méjèèjì dì mọ́ igi náà bí ìyá tó gbá ọmọ mọ́ra, ìmọ́lẹ̀ oòrùn sì wọ inú igbó wá bá a. Ní ọdún 2020, àwòrán yìí ló gba ipò kìíní nínú ìdíje tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Sùúrù ni àbí oríire? Ọkùnrin náà ló dẹ kámẹ́rà, ṣùgbọ́n ṣé òun ló mú táígà wá? Ṣé òun ló sọ fún oòrùn pé kó yọ síbẹ̀? Aráyé yóò ní orí ló bá a ṣe é. Àwa Mùsùlùmí kò sọ bẹ́ẹ̀. Nínú Súratul-An'ām, àáyà kọkàndínlọ́gọ́ta, a kọ́ wa pé ewé kan kò lè já bọ́ lórí igi kí Ọlọ́hun má mọ̀. Bí ewé kò bá bọ́ lásán, ẹsẹ̀ táígà kò lè gbé lásán. Ohun tí ayé ń pè ní oríire, ìpín ni, láti ọwọ́ Ẹni tó mọ ibi tí Ó ń pín in sí.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ èyí ni pé ẹni tí kò bá gba kádàrá gbọ́, ẹ̀rù àmì ni yóò máa bà á. Ní ìgbà àìmọ̀kan, bí Lárúbáwá bá fẹ́ rìnrìn-àjò, a lé ẹyẹ dìde. Bí ẹyẹ bá fò sápá ọ̀tún, ó di oríire. Bó bá fò sápá òsì, ó padà sílé. Láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ẹyẹ ni wọ́n ti mú orúkọ àṣà náà, tiyara. Ànábì wa (S.A.W.) pa á rẹ́, ó sì tún sọ pé kò sí òótọ́ nínú ohun tí wọ́n ń sọ nípa òwìwí. Àwa ńkọ́? Bí òwìwí bá ké lórí òrùlé wa lóru, ṣé a kì í jí? Bí a bá fi ẹsẹ̀ òsì kọ nígbà tí à ń lọ wáṣẹ́, ṣé a kì í rojú? A ti gbọ́ ọ rí pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ. Òwìwí tó ké, ebi eku ló ń pa á. Arísìkí tirẹ̀ ni ó jáde wá, kò mọ ohun tó wà nínú ìwé kádàrá tìrẹ.

Ní orílẹ̀-èdè wa níbí náà, irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní òkè Mbe ní Ìpínlẹ̀ Cross River, àwọn ìnàkí kan wà tí gbogbo wọn láyé, ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, kò ju bí 300 lọ. Ọdẹ ti pa wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń sá bí wọ́n bá gbọ́ ìró ènìyàn. Àwọn ìlú mẹ́sàn-án tó yí òkè náà ká pawọ́ pọ̀ láti máa ṣọ́ ọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi dẹ kámẹ́rà síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń rí ìnàkí. Ní ọdún 2020, kámẹ́rà mú agbo ìnàkí kan tòun ti ọmọ wọn bíi mélòó kan. Àwọn tí ń ṣọ́ òkè náà wá mọ̀ pé iṣẹ́ wọn kò já sásán, pé wọ́n ń bímọ síbẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí kámẹ́rà kò rí nǹkan kan, àwọn ọmọ ìnàkí ń dàgbà lábẹ́ igi. Àìrí kì í ṣe àìsí.

Ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ayàwòrán ló jókòó títí tó sì gbé kámẹ́rà rẹ̀ lọ sílé lófìfo. Ẹkùn kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn. Ibí ni sùúrù tiwa ti yàtọ̀ sí tiwọn. Ọlọ́hun bá wa ṣe àdéhùn. Nínú Súratuz-Zumar, Ó jẹ́ kí á mọ̀ pé ẹ̀san àwọn onísùúrù kò ní òṣùwọ̀n. Kò ṣe ìlérí pé ẹni tó bá ní sùúrù yóò rí iṣẹ́ tó ń wá gan-an, tàbí ọkọ tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an. Ìlérí tí Ó ṣe ni pé sùúrù náà fúnra rẹ̀ kò ní ṣòfò. Arábìnrin mi tí ń dúró, tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ gún lára ní gbogbo ìkómọ àti ìgbéyàwó, tí o kò torí bẹ́ẹ̀ ta ẹ̀sìn rẹ tàbí ara rẹ, kò sí ọjọ́ kan nínú ìdúró rẹ tó jẹ́ òfo lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Arákùnrin mi tí o ti tẹ ìwé ẹ̀rí mọ́ àyà kiri títí bàtà fi jẹ, tí o kò tẹ̀lé àwọn tó ní kí o wá gba ọ̀nà ẹ̀bùrú, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ.

TA LÓ Ń WÒ WÁ?

Kí n tó dákẹ́, mo fẹ́ kí á ronú lórí kámẹ́rà tí a dẹ sílẹ̀ yìí. Kì í ṣe ohun àná. Ní oṣù keje ọdún 1906, ìwé ìròyìn National Geographic gbé àwòrán ẹranko 74 jáde, èyí tí George Shiras yà ní Amẹ́ríkà. Ọ̀kan nínú ọgbọ́n tí ó dá ni pé ó na okùn sójú ọ̀nà. Bí ẹranko bá fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ lóru, iná á bù yẹ̀rì, kámẹ́rà á sì yà á. Ẹranko náà rò pé òun nìkan ni òun wà nínú òkùnkùn.

Ọmọ ìyá mi, ìwọ náà ńkọ́, nígbà tí o bá ti ilẹ̀kùn, tí o pa iná, tí fóònù nìkan ń tàn lójú rẹ? Nínú Súratul-Infitār, Ọlọ́hun sọ fún wa nípa àwọn mọ̀làíkà alápọ̀n-ọ́nlé tí ń ṣọ́ wa, tí ń kọ ohun tí à ń ṣe. Nígbà tí mọ̀làíkà Jibrīl (A.S.) sì wá bi Ànábì (S.A.W.) léèrè nípa iṣẹ́ rere ní pípé, ohun tí ó kọ́ wa ni pé kí á máa sin Ọlọ́hun bí ẹni tó ń rí I, nítorí bí àwa kò tilẹ̀ rí I, Òun ń rí wa. Ẹranko kò ní jíhìn àwòrán rẹ̀. Àwa yóò jíhìn tiwa.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á mú nǹkan mẹ́ta lọ sílé. Kí olúkúlùkù yan iṣẹ́ rere kan lóṣù yìí, bó ti wù kó kéré, kó má sì fi í sílẹ̀ ní ọjọ́ kankan. Kí á wo ohun tí à ń wá, kí á bi ara wa bóyá ọ̀nà tí à ń gbà wá a lè dúró níwájú Ọlọ́hun. Ẹni tó bá sì bá ara rẹ̀ lójú ọ̀nà èrú, kó yà kúrò níbẹ̀ lónìí, kó dá ohun olóhun padà, ilẹ̀kùn ìtúúbá ṣì wà ní ṣíṣí. Ẹ̀kẹta, bí nǹkan bá yí sí òdì, kí á rántí pé ìgbà tí ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ni lójijì ni a ń mọ alásùúrù. Kí a tó ké, kí a tó bú ẹnikẹ́ni, kí á kọ́kọ́ ní ti Ọlọ́hun ni wá, ọ̀dọ̀ Rẹ̀ ni a ó sì padà sí.

Ọlọ́hun Ọba, Ìwọ tí Ò ń pèsè fún ẹyẹ nínú ìtẹ́ àti fún ẹranko nínú ihò, pèsè hàláálì fún wa, kí O sì fi í tẹ́ wa lọ́rùn. Fún wa ní sùúrù lórí àṣẹ Rẹ, fún wa ní sùúrù kúrò nínú ẹ̀ṣẹ̀, fún wa ní sùúrù lórí ìpín Rẹ. Àwọn tó ń wáṣẹ́ nínú wa, là wọ́n lọ́nà. Àwọn tó ń wá ẹnì kejì, fi ẹni rere pàdé wọn. Àwọn tó ti rẹ̀, gbé wọn ró. Má ṣe jẹ́ kí ojú tì wá lọ́jọ́ tí a ó ṣí ìwé iṣẹ́ wa. Àámín.